Ẹ wọn jíìpù yín kí ẹ tó ra sípíríǹgì: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tún sọsipẹ́ńṣọ̀n ọkọ̀ àtijọ́ ṣe

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù tó ti lo 20 tàbí 30 ọdún láyé, gíga ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà dìde, kí táyà rẹ̀ tóbi, kó dà bí èyí tó rí nínú fọ́tò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí èmi náà ṣe é. Mo ra sípíríǹgì tó le jù nínú èyí tí mo rí, mo dè é mọ́ ọkọ̀ tí kò ru ohunkóhun, àbájáde rẹ̀ ni pé bí táyà bá gun òkúta tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, orí mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ọkọ̀ náà ga lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, nínú ìtọ́sọ́nà yìí, a ó pẹ́ lórí wíwọ̀n àti yíyàn ju bí a ó ṣe pẹ́ lórí sípánà lọ. Iṣẹ́ sípánà kì í gbà ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àṣìṣe rírà ni èèyàn máa ń bá gbé fún ọdún mẹ́ta.

Kí ni sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀ṣì, tó para pọ̀ di sọsipẹ́ńṣọ̀n, ń ṣe?

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀ rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé ó máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti wálẹ̀ dìde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá sípíríǹgì lẹ́kun, kó má baà máa fò sókè-sódò lẹ́yìn tí táyà bá ti kọjá kòtò. Òróró inú rẹ̀ ń gba ojú ihò tóóró kọjá, agbára fífò yẹn á di ooru. Ẹ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn tí ẹ bá sáré lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ ó rí i pé ó gbóná gan-an. Bọ́ọ̀ṣì ni rọ́bà tó wà níbi gbogbo tí irin bá ti so mọ́ irin. Òun ni kò níye lórí lójú ẹni tó ń rajà, òun náà ló sì sábà máa ń fa ìró kọ̀ǹkọ̀ àti sítíárìn tó ń rìn gbéregbère, tí a máa ń dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ wò ó

Ẹ jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀ gbalasa, ẹ fi igi há wọn, kí ẹ wá wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí pẹlẹbẹ irin gígùn tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò lé ara wọn, sípíríǹgì onípele nìyẹn. Toyota Land Cruiser 60 àti Suzuki Samurai ní i níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irin róbótó tí wọ́n ká bí ejò tó ká jọ, sípíríǹgì kíká ni. Irú rẹ̀ ni Range Rover àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1970, ní lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jeep Cherokee tí wọ́n ṣe láàárín 1984 sí 2001 da méjèèjì pọ̀, kíká níwájú, onípele lẹ́yìn. Àwọn kan sì wà, bíi ọ̀pọ̀ Mitsubishi Pajero àtijọ́, tó jẹ́ pé ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún ni wọ́n fi gbé iwájú wọn. Torsion bar lorúkọ ìyẹn.

Wàyí o, kí lẹ ń wá lábẹ́ ibẹ̀? Pele, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ irin yẹn, tó ti ṣẹ́ tàbí tó ti sán. Sípíríǹgì onípele tí ọrun rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tó ti tẹ̀ sí òdìkejì. Bọ́ọ̀ṣì tó ti sán, tàbí tí irin àárín rẹ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ fi irin gígùn tì í díẹ̀, ẹ ó rí bó ṣe ń mì. Ṣọ́ọ̀kì tí òróró ń ṣàn lára rẹ̀. Bó bá kàn rí bí ẹni pé ó làágùn díẹ̀ lókè, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n bí òróró bá ti dé ìsàlẹ̀ tí erùpẹ̀ sì ti dì mọ́ ọn, ó ti kú. Ẹ wo ṣáásì, ìyẹn férémù irin tó gbé ara ọkọ̀, dáadáa, pàápàá níbi tí ṣákù, irin kékeré tó so ìdí sípíríǹgì onípele mọ́ ṣáásì, ti so mọ́ ọn. Bí ìpata bá ti jẹ ẹ́ débi pé irin tín-ín-rín lè gún un wọlé, ẹ dáwọ́ dúró. Wẹ́dà lẹ nílò, kì í ṣe sípíríǹgì tuntun.

Ẹ ṣe ohun kan kí ẹ tó dìde: ẹ mú téèpù, kí ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn táyà kọ̀ọ̀kan títí dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú táyà àti bí ojú táyà ṣe jẹ tó á ba ìṣirò jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní sọnù. Ó wọ́pọ̀ pé kí ẹ̀gbẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí ti wálẹ̀ ju èkejì lọ lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ wọ̀n ọ́n

Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà wà. Oríṣiríṣi líle ni wọ́n ń ṣe sípíríǹgì fún ọkọ̀ kan náà: èyí tó wà fún ọkọ̀ òfìfo, èyí tó wà fún ọkọ̀ tó ní bọ́ńpà irin, èyí tó wà fún ẹni tó ń ru ẹrù nígbà gbogbo. Ẹni tí kò mọ ìwúwo ọkọ̀ rẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ gbé táyà iwájú nìkan lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wọn gbogbo ọkọ̀. Ẹ yọ èyí tó ṣáájú kúrò nínú èyí tó tẹ̀lé e, ìyẹn ni ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń lò ó gan-an: epo inú táǹkì, àwọn tó máa ń bá yín rìn, àpótí irinṣẹ́, gbogbo rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí òṣùwọ̀n, ẹ ṣírò rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ nǹkan bíi 0.84 kílò, ti pẹtiróòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.75. Bọ́ńpà irin lè tó 50 kílò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ tó bá rì, pẹ̀lú wáyà irin rẹ̀ máa ń wà láàárín 30 sí 40. Ẹ ó rí i pé ọgọ́rùn-ún kílò kì í pẹ́ pé, gbogbo rẹ̀ lórí sípíríǹgì iwájú méjèèjì tó ń gbé ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ẹrù náà máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bọ́ńpà irin kì í sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà, ẹ ra sípíríǹgì tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹrù ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò tó ìdí láti ra sípíríǹgì ẹlẹ́rù wúwo. Ẹ ó máa jìyà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Ẹ jẹ́ kí n tún fi kún un pé sípíríǹgì tó le kò fi kílò kan kún iye ẹrù tí òfin gba ọkọ̀ náà láyè láti gbé. Bíréèkì, ákísù (irin tó so táyà òsì àti ti ọ̀tún pọ̀) àti ṣáásì ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan gíga, kí ẹ sì dúró síbẹ̀

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, íǹṣì méjì, ìyẹn nǹkan bíi 5 sẹ̀ntímítà, ni màá ní kó má kọjá. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù gíga. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga sí i ni oríṣiríṣi nǹkan mìíràn á máa yẹ̀ kúrò nípò. Lórí ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì kíká àti ákísù líle kan ṣoṣo níwájú, igun tó ń jẹ́ kí sítíárìn padà sí àárín fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní caster, á dín kù, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀mùtí lórí eré. Ọ̀pá Panhard, tó ń so ákísù mọ́ ṣáásì láti ẹ̀gbẹ́, á fa ákísù náà sí apá kan. Igun purọpẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ákísù, á le, á máa gbọ̀n. Okùn bíréèkì, ìyẹn rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, á fà tán. Láàárín íǹṣì méjì, ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí ṣì ṣeé fara dà tàbí kó ṣeé fi ohun kékeré tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan á máa bí ìkejì, owó á sì máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gíga yìí kò gbé ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lábẹ́ ọkọ̀ alákísù líle. Ìkòkò irin ńlá tó wà láàárín ákísù, tí wọ́n ń pè ní dífù, táyà ló ń gbé e, kì í ṣe sípíríǹgì. Táyà tó ga sí i nìkan ló lè gbé e jìnnà sí òkúta. Ohun tí sípíríǹgì ń fún yín ni àyè fún táyà yẹn, àyè fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti lọ sókè àti sódò, àti ara ọkọ̀ tí kò ní máa gbo ilẹ̀.

Ẹni tó ní torsion bar máa ń gbọ́ pé kó kàn yí bóòtù rẹ̀, ọkọ̀ á dìde. Á dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yíyí bóòtù kò sọ ọ̀pá náà di alágbára, ipò tó ti bẹ̀rẹ̀ ló yí padà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì ṣaláìní àyè láti sọ̀ kalẹ̀ bó bá dé kòtò. Bí ẹrù iwájú bá pọ̀, ọ̀pá tó nípọn sí i lẹ nílò.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò: ẹ ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pa pọ̀, láti ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n fún ara wọn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kúrú ju gíga tuntun lọ, òun ni yóò máa dá ákísù dúró nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní pẹ́ já. Bó bá gùn jù, á kan ìdí kí rọ́bà ìdènà tó gba ìkanra náà. Ti pé ẹ ó ra oní-páìpù méjì tàbí oní-páìpù kan tó ní gáàsì, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Oní-páìpù kan máa ń tètè tutù, oní-páìpù méjì máa ń fara da òkúta tó bá kọ lù ú níta. Lórí bọ́ọ̀ṣì, ọjà yóò fẹ́ ta èyí aláwọ̀ mèremère tó le bí ike fún yín. Ó máa ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí gíríìsì, kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́ dáadáa. Rọ́bà tó dára ni èmi ń lò.

Ẹ ra yúú-bóòtù tuntun pẹ̀lú, ìyẹn bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó di sípíríǹgì onípele mọ́ ákísù. Irin náà máa ń fà díẹ̀ nígbà tí a bá dì í, èyí tí a bá ti dì lẹ́ẹ̀kan kì í di nǹkan mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ máa fi òróró tó ń wọ inú ìpata fọ́n gbogbo bóòtù tí ẹ máa tú, lálaalẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin nu ojú wọn. Iṣẹ́ yìí nìkan lè dín wákàtí mẹ́ta kù nínú làálàá yín. Ẹ ní sítáǹdì irin méjì tó lágbára, jáàkì méjì bó bá ṣeé ṣe, sípánà gígùn, òòlù ńlá, ayùn irin, àti sípánà tó ń fi ìwọ̀n líle hàn. Ẹ wá ìwé atúnṣe ọkọ̀ náà, torí ìwọ̀n líle bóòtù kì í bára mu láti ọkọ̀ dé ọkọ̀.

Ìkìlọ̀ méjì tí mi ò ní fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Èkejì: bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí sípíríǹgì kíká ti wà lára ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, tí a ní láti fún un pọ̀ kí a tó tú u, ẹ gbé ìyẹn fún mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Sípíríǹgì tó bá já lójijì lábẹ́ ìfúnpọ̀ lè pa èèyàn.

Iṣẹ́ gan-an: sípíríǹgì onípele

Ẹ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn jù. Ẹ há táyà iwájú, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó jáàkì ọkọ̀ sókè. Sítáǹdì á wà lábẹ́ ṣáásì, jáàkì á wà lábẹ́ ákísù kó lè máa gbé e sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan parí kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ò tíì tú ló ń mú ákísù dúró, òun náà lẹ ó máa wò bí ẹ bá gbàgbé bí nǹkan ṣe wà.

Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tú yúú-bóòtù, ẹ sọ ákísù kalẹ̀ díẹ̀ títí tí ìwúwo rẹ̀ á fi kúrò lára sípíríǹgì. Ẹ yọ ṣákù lẹ́yìn, lẹ́yìn náà bóòtù ńlá tó wà níwájú. Bóòtù yẹn ni yóò dán sùúrù yín wò: ó sábà máa ń dì mọ́ irin àárín bọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé wọ́n wẹ́dà rẹ̀. Bí òòlù àti òróró kò bá ràn án, ẹ fi ayùn gé e, kí ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ ti ra tuntun tẹ́lẹ̀, àbí?

Ẹ gbé sípíríǹgì tuntun sí i, iwájú ṣáájú. Orí bóòtù kékeré tó so àwọn pele pọ̀ láàárín gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tó wà lórí ìjókòó ákísù. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ákísù á wọ́. Ẹ dì yúú-bóòtù ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè le bákan náà. Ṣùgbọ́n bóòtù iwájú àti ti ṣákù, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dì wọ́n fún ìsinsìnyí.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí díẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà kì í yí lórí bóòtù, ńṣe ló ń lọ́. Bí ẹ bá dì í pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń rọ̀ lófuurufú, ipò yẹn ló máa mọ̀ sí ilé. Nígbà tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, rọ́bà á ti lọ́ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, á máa ti ọkọ̀ sókè lọ́nà ẹ̀tàn, á sì ya láìpẹ́. Èmi pàdánù bọ́ọ̀ṣì tuntun mẹ́rin lọ́nà yìí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn, ẹ gbọ̀n ọ́n kó jókòó, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dì wọ́n débi tí ìwé sọ.

Bó bá jẹ́ kíká ni

Ó yá jù. Ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ẹ tú ọ̀pá tó ń dènà gbígbé ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sọ ákísù kalẹ̀ wẹ́rẹ́ títí sípíríǹgì á fi tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára okùn bíréèkì àti wáyà. Bí okùn bá ti ń fà, ẹ dúró, ẹ tú ibi tó so mọ́ ṣáásì kó lè rí àyè. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì ara sípíríǹgì tuntun kí ẹ tó gbé e wọlé, torí fún àwọn ọkọ̀ kan, ti òsì àti ti ọ̀tún kò gùn bákan náà. Orí irin náà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò rẹ̀ lórí ìjókòó ìsàlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì oní-páìpù méjì, ẹ mú un dúró ṣánṣán, ẹ fà á, ẹ tì í, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó wọ inú òróró nígbà tó wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú páálí lè jáde. Ẹ má sì fún rọ́bà orí rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá ti wú díẹ̀ jáde lábẹ́ wáṣà, ó tó.

Kí ẹ tó gbé e jáde

Ẹ yí sítíárìn dé òpin òsì, dé òpin ọ̀tún, kí ẹnìkan máa wò bóyá táyà ń kan ohunkóhun. Ẹ gbé ṣáásì sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rọ̀ pátápátá, ẹ wo gbogbo okùn bíréèkì. Èyí tó bá ti fà le bí okùn ìlù, ẹ wá èyí tó gùn sí i kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà lọ sí ibikíbi.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Lára ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, ọ̀pá tín-ín-rín kan wà tó so ákísù ẹ̀yìn mọ́ fáàfù bíréèkì lórí ṣáásì. Òun ló ń jẹ́ kí bíréèkì mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ru ẹrù. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ọ̀pá yìí á máa sọ pé ọkọ̀ ṣófo, fáàfù á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tó jẹ́ pé ẹrù kún ún. Ẹ gbé ìdè ọ̀pá náà tó wà lórí ákísù sókè ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi ga.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ńtì, ìyẹn títún igun táyà tò. Ẹ yí iná iwájú wálẹ̀, kó má máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ wà àti adójútòfò yín sọ nípa gíga ọkọ̀, torí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ rọra wà á: ọkọ̀ tó ga sí i máa ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní kọ́nà ju bí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n lọ. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n jìgìjìgì bó ṣe gun kòtò lórí eré, ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ padà wá wo bọ́ọ̀ṣì ọ̀pá Panhard àti bọ́ọ̀lù orí táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú. Àwọn ni wọ́n ti gbó tipẹ́. Sípíríǹgì tuntun kàn tú àṣírí wọn ni.

Lẹ́yìn nǹkan bíi 100 kìlómítà, ẹ tún yúú-bóòtù dì, kí ẹ tún un ṣe bó bá di 500. Ẹ ó rí i pé nọ́ọ̀tì á yí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá pé oṣù kan, ẹ mú téèpù yẹn jáde, ẹ wọ̀n láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà, kí ẹ fi wé nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kọ sílẹ̀. Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bó bá fi 1 sẹ̀ntímítà wálẹ̀ sí ti ọjọ́ tí ẹ dè é. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀, ìjókòó sípíríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.